Agolo Kẹfà Láyà Màmá Donka

Màmá Donka Balabanova kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, lórí àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀ ní Ilé Ìpamọ́ Fíìmù Kestenova. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Agolo fíìmù kan, irú èyí tó rí pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò ńlá, wà láyà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Nọ́ńbà kẹfà ló wà lára agolo náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Ilé Ìpamọ́ wá lẹ ìwé òkú mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, Ẹnu Ọ̀nà B, bùlọ́ọ̀kù kẹtàdínlógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Òṣìṣẹ́ wa àtijọ́, D. Balabanova." Iṣẹ́ wo ló ṣe? Wọn ò sọ. Ibo ló kú sí? Wọn ò sọ. Inú fọ́tò ọlọ́pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti gé àwòrán rẹ̀ jáde, èjìká ẹlòmíì sì wà nínú rẹ̀, ó fara ti etí rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gé nǹkan tí ojú ò sì rí ibi tó ti gé e, tirẹ̀ ni wọ́n wá gé bí ẹni fi eyín ya búrẹ́dì.

Nínú ìwé ìròyìn ìlú, ohùn wọn yí padà. Níbẹ̀, wọ́n ní "ẹnìkan tí kò láṣẹ" wọ ọgbà àwọn, ó sì "pàdé ìjàǹbá". Ẹ bá mi wò ó. Lẹ́nu ọ̀nà wa, òṣìṣẹ́ wọn ni. Nínú ìwé ìròyìn, àjèjì ni. Èwo ni ká mú nínú méjèèjì? Ṣé ẹni tó lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ilé kan lè di àjèjì nítorí pé orí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ló kú sí?

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, ó sì bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Ti Màmá Donka ò tiẹ̀ dé bẹ́ẹ̀. Ère wà nílùú yìí lóòótọ́, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé mo wọ yàrá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo fi ohùn ọ̀gá àgbà sọ pé odò Dunav ti kún, kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò níṣẹ́ kankan ju kí n máa tẹ agogo ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ bùlọ́ọ̀kù wa, kí n máa fi ohùn oríṣiríṣi bá àwọn ará òkè sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe ẹni tó ń pín lẹ́tà. Mo ti ṣe ọmọ tó wà ní Jámánì, mo sì ti mú kí ìyá kan sọ̀kalẹ̀ tòun ti bàtà ilé. Lọ́jọ́ kan mo tẹ agogo àjà karùn-ún.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ilé iṣẹ́ ìmóoru ni, mà. Mo wá yẹ páìpù wò."

Ó wá ní, "Ohùn ọkùnrin àádọ́ta ọdún lo gbé wá. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n èémí rẹ, ti ọmọdé tó ń há ẹ̀rín mọ́nú ni. Ohùn lọ síbì kan, èémí lọ síbòmíì. Ojú ibi tó o ti gé e hàn kedere. Gòkè wá kí n kọ́ ẹ."

Bí mo ṣe di ọmọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Kò bá mi wí rárá. Ó fún mi ní banitsa, àkàrà oníwàràkàṣì, àti tíì, ó tan tẹlifíṣọ̀n láìsí ohùn, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún rẹ̀: pá. Pá. Pá, pá. Mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń kù díẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo rí i tí wọ́n gé fíìmù yẹn?" ló bi mí nígbà tó yá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó o rí yẹn, ó bàjẹ́. Mẹ́rìndínlógún tó kù, ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe é."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tí wọn ò lè rí kọ sínú ìwé òkú. Wọn á ya fíìmù ní ẹgbẹ̀rún ègé: ti òní, ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ àti nígbà tí oòrùn ń ràn. Màmá Donka á jókòó pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, á so ó pọ̀ títí ìwọ tó o jókòó sínú òkùnkùn á fi rò pé ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ, níbì kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé ìgò méjì tí boza, ohun mímu ọkà, wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì láti fi kọ́ mi. Ó ní kí n fojú wo okùn kan tó so ìgò méjèèjì pọ̀.

"Ọkọ nìyí, ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ni kámẹ́rà. Apá ibi tó wù ẹ́ ni kó o dúró sí, ṣùgbọ́n má fo okùn yẹn. Tó o bá fò ó, apá kan náà làwọn méjèèjì á jọ máa wò. Ọ̀kan á kẹ̀yìn sí ìkejì láìjà."

"Wọ́n á ti jà kó tó dọjọ́ yẹn, Màmá."

"Jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Ìkejì: ìgbà tí ara bá ń rìn ni kó o gé e. Tí ó bá ń jókòó, gé e lágbedeméjì ìjókòó. Tó bá ń yíjú, gé e bó ṣe ń yíjú. Ojú èèyàn á máa tẹ̀lé ohun tó ń mì, kò ní rí ọ̀bẹ rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé ayé tirẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀bẹ rẹ̀, wọ́n wá ṣebí kò sí níbẹ̀.

*Agbọ̀n Àjàrà* ni fíìmù tó so orúkọ Kestenova mọ́ ìlú wa, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe fíìmù níbẹ̀. Gbogbo yín ti wò ó nílé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ yín sì ti sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn tí wọ́n bá dé ibi ìdágbére ní èbúté. Oṣù Kẹwàá ni nínú fíìmù, àsìkò ìkórè. Ọkọ ń lọ sójú ogun, ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè é, ìyàwó rẹ̀ gbé agbọ̀n àjàrà wá bá a. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, a ò sì rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú obìnrin, ojú ọkùnrin, èjìká tó yí, agbọ̀n tó ń ṣubú, adìẹ kan tó ń wo ilẹ̀, ojú obìnrin padà. Ìyá mi ti wò ó tó ogún ìgbà, ibẹ̀ náà ló ti ń sunkún nígbà gbogbo.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ̀wé lórí ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn. Olùdarí fíìmù náà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé, "Mo fi ọwọ́ pamọ́ nítorí pé ọwọ́ a máa purọ́, ojú kì í purọ́." Mo lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, tikọ́tikọ́. Màmá Donka á ní kí n sọ ọ́ tá a bá ń jẹun, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ òótọ́ ibẹ̀. Oṣù Kẹta ni wọ́n ya ibi ìdágbére yẹn, láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ kẹta, nítorí pé ìgbà yẹn nìkan làwọn ológun gbà láti yá wọn lọ́kọ̀. Àjàrà inú agbọ̀n, gíláàsì ni. Ewé orí igi, bébà ni wọ́n kùn. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n rántí. Ohun tí wọn ò rántí ni ohun tí olúkúlùkù wa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta láìronú, martenitsa, òwú pupa òun funfun Ìyá Àgbà Oṣù Kẹta, tá à ń so kí ara ó le, tá ò sì gbọdọ̀ tú títí a ó fi rí ẹyẹ àkọ̀ tàbí igi tó yọ òdòdó. Òṣèrébìnrin so ó. Òṣèrékùnrin so ó. Ológun tó wa ọkọ̀ so méjì. Ẹni tó gbé kámẹ́rà so ó, olùdarí so ó, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ṣọ́ irú àṣìṣe yìí náà so tirẹ̀. Ta ló fẹ́ rí i lọ́wọ́ ẹnìkejì? Ìgbà tí fíìmù dé orí tábìlì Màmá Donka ni òwú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo: pupa òun funfun, nínú oṣù Kẹwàá, lọ́wọ́ obìnrin tó ń sunkún.

Wọ́n ti dá ọkọ̀ padà. Olùdarí jókòó, ó gbá orí mú. Màmá Donka ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Níbikíbi tí ọwọ́ bá ti fẹ́ gòkè, ó gé e kó tó gòkè. Níbi tí orí bá ti ń yí, ó gbà á mú lẹ́nu yíyí náà, ó gbé wa lọ sójú ẹnìkejì. Ibì kan wà tí kò rí nǹkan kan fi dí i.

"Adìẹ yẹn ló yọ mí," ló sọ fún mi. "Ó ṣèèṣì rìn kọjá níwájú kámẹ́rà ni. Inú àwọn ègé tí wọ́n fẹ́ dà nù ni mo ti rí i. Ó ń wo ilẹ̀, gbogbo ayé gbà pé àjàrà ló ń wò. Bàtà ológun ló ń wò."

Àwọn ègé tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ó kó wọn sínú àpótí lọ́tọ̀, ó kọ ọ́ sára àpótí náà gàdàgbà: "Ọwọ́. Ẹ má lò ó." Olùdarí fún un ní páálí ṣokoléètì kan. Ìlú wá gbẹ́ ère idẹ fún olùdarí níwájú ilé sinimá. Ẹ lọ wò ó tẹ́ ẹ bá ń kọjá. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọwọ́ tó fẹ̀ bí ṣọ́bìrì, ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sínú rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, Ilé Ìpamọ́, lábẹ́ ọ̀gá wọn Ìyáàfin Rizova, kéde pé àwọn ti fi kọ̀mpútà sọ *Agbọ̀n Àjàrà* dọ̀tun. Wọ́n rí àpótí. Wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n lò ó. "Ẹ̀dà tó pé pérépéré" ni wọ́n pè é.

Èmi ni mo jókòó ti Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn. Ìlà kejì sí ẹ̀yìn la wà, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò pè é síwájú. A dé ibi ìdágbére. Òṣèrébìnrin gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú, òwú pupa òun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í fì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

"Ìyá Àgbà Oṣù Kẹta mà tètè dé lọ́dún yìí o," ni ọkùnrin kan wí níwájú wa.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Níbi tí àwọn ìyá wa ti ń sunkún láti ọdún mọ́kànlélógójì, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Mo bojú wo Màmá. Kò gbá orúnkún. Ó káwọ́ lé ara wọn lórí itan bí ẹni pé àwọn ọwọ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Wọ́n ti tú ojú rírán mi," ló sọ.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níparí. Apá tí orúkọ wà lójú fíìmù àtijọ́ ti jẹrà, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tẹ òmíràn. Orúkọ ológun tó wa ọkọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni adìẹ wà níbẹ̀. A dúró títí wọ́n fi tan iná. Ti Màmá Donka ò jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ dá mi lóhùn: báwo ni èèyàn ṣe ń rántí ẹni tó ni adìẹ, tó wá gbàgbé ẹni tó rí adìẹ náà?

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Rizova. Kì í ṣe obìnrin tó ń pariwo. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ẹ fọkàn balẹ̀" ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá fa imú díẹ̀ bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan.

"Ẹ̀dà tèmi wà ní àjà ilẹ̀ yín," ni Màmá wí. "Agolo mẹ́fà. Òun nìkan ló kù láyé yìí tó wà bí mo ṣe gé e. Páìpù ń jò lé e lórí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá wa. Fíìmù ti wà nínú kọ̀mpútà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, pàǹtírí ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní pàǹtírí yín."

"Kò ṣeé ṣe. Dúkìá ìjọba ni."

"Tó bá jẹ́ dúkìá ìjọba, ẹ gbé e kúrò nínú omi."

"Màmá, ta ló ń gbé pàǹtírí kúrò nínú omi?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún èmi tí mi ò ka ìwé dópin. Tá a bá fẹ́ gbé e, dúkìá ni. Tá a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, pàǹtírí ni. Irú ohun wo nìyẹn? Àbí kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn arúgbó wa náà nìyẹn?

Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Èsì kan ló gbà: "A ti rí lẹ́tà yín." Ní gbogbo ìgbà yẹn, yìnyín orí òrùlé ń yọ́, páìpù ń jò. Ó ṣàlàyé fún mi pé irú fíìmù yẹn, tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, á máa rùn bí ọtí kíkan. Agolo tó bá ti ń rùn, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Kì í sì í dá kú, á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀. Ohun tí èèyàn lè ṣe kò ju kó gbé e síbi tó gbẹ tó sì tutù, kí ikú rẹ̀ lè falẹ̀.

Mo ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dé báyìí.

Lẹ́yìn ikú Màmá, wọ́n ń wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá Slavi ni, ẹni tó ń ṣọ́ géètì láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ká. Ó sọ fáwọn ọlọ́pàá pé Ìyáàfin Rizova ló pe òun lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, ó ní kóun ṣí i. Ìyáàfin Rizova ní òun ò pe ẹnikẹ́ni. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Wọ́n ní ó ti mu ọtí rakiya, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́ pé, "Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ." Ìyàwó rẹ̀ ti ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Bàbá Slavi ò mu nǹkan kan. Wọ́n pè é lóòótọ́. Èmi ni mo pè é.

"Slavi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí, mo sì fa imú. "Ìyáàfin Balabanova ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ṣí àjà ilẹ̀ fún un, kó gbé agolo mẹ́fà."

"Ṣé ẹ ti buwọ́ lùwé rẹ̀, mà?"

"Ṣé ẹ ò dá ohùn mi mọ̀ ni?"

"Mo dá a mọ̀, mà. Ẹ má bínú." Ó tún ní, "Ọlọ́run á san án fún yín, mà. Màmá yẹn ti ń bẹ̀ mí tipẹ́, ó sì ń dùn mí."

Àdúrà kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún Ìyáàfin Rizova lẹ́nu géètì yẹn, èmi ni mo gbà á.

Mo sáré gun àjà karùn-ún. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti gbà. Wọ́n máa ṣí i lọ́la."

"Ta ló pè wọ́n?"

"Ìyáàfin Rizova ni."

Ó wò mí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó gbá orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: pá. Kò bi mí léèrè mọ́. A jọ ṣàdéhùn agogo mẹ́sàn-án, pé èmi ni màá máa gbé e, òun á kàn máa fi hàn mí. Agogo mẹ́jọ ló jáde nílé. Èmi jí ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Mi ò ní àwáwí kankan.

Bàbá Slavi ló sọ ìyókù fún mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀, òkè àtẹ̀gùn ló dúró sí, ó ń gba agolo lọ́wọ́ Màmá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin ó jókòó, ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀, martenitsa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ọmọ tẹ́ ẹ ní ó ń bọ̀ yẹn, Màmá," ni Bàbá Slavi wí.

"Ọmọ yẹn ń sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn. Omi tó ń kán nísàlẹ̀ yẹn ò sùn ní tirẹ̀."

Ó gbé ẹ̀karùn-ún wá. Ó padà lọ gbé ẹ̀kẹfà. Bàbá Slavi gbọ́ tí irin kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó pè é, kò dáhùn. Dókítà ní ọkàn ló dúró.

Ohun tí Ilé Ìpamọ́ ò sọ nínú ìwé ìròyìn ni èyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Ìyáàfin Rizova pàṣẹ pé kí wọ́n dá gbogbo agolo padà síbi tí wọ́n ti wá, torí pé "wọ́n kúrò láyè wọn láìsí ìwé". Bàbá Slavi, tòun ti ẹsẹ̀ tí ò ká, ló kó wọn sọ̀kalẹ̀, ó ń fìdí wọ́ láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe kẹ́yìn kí wọ́n tó lé e nìyẹn. Márùn-ún tí Màmá ti gbé sókè, àti èyí tí wọ́n gbà láyà òkú. Abẹ́ páìpù kan náà ni wọ́n wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá Slavi tún sọ ohun kan tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ìdérí agolo kẹfà ti yẹ̀. Òórùn ọtí kíkan tó jáde níbẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ ṣomi. Ó yọjú wò ó. Fíìmù náà ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ti di odidi kan bíi ṣúgà tó yọ́ tó tún dì. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tú nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ yìí máa gbóòórùn yẹn kó tó fọwọ́ kan agolo rárá. Màmá Donka mọ̀ pé òkú lòun ń gbé. Ó gbé e.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ìrètí wà. Ibi ìdágbére tí àwọn ìyá wa sunkún sí ti lọ. Èyí táwọn ọmọ wa máa rí ni èyí tí wọ́n fi rín ẹ̀rín, wọ́n á sì rò pé olùdarí ò mọ oṣù tó wà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún fíìmù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Mo rí i pé ẹni tó sọ pé pàǹtírí ni ṣì wà lórí àga. Mo rí i pé ẹni tó gbọ́ràn sí ohùn ọ̀gá rẹ̀ ló wà nílé. Ẹ dá Bàbá Slavi padà sẹ́nu géètì, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ ò ya wèrè. Ẹ kọ orúkọ mi síbi tẹ́ ẹ kọ tirẹ̀ sí: Gergina Paskova, Ẹnu Ọ̀nà B, àjà kẹta. Ohùn Ìyáàfin Rizova ni mo jí, mi ò sì sá lọ síbìkan. Ẹ wá mú mi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba Kestenova kọjá, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: ta ló buwọ́ lùwé pé kí fíìmù wà lábẹ́ páìpù tó ń jò? Ta ló ka lẹ́tà mẹ́rin tó sì kọ èsì kan? Ta ló ka "Ẹ má lò ó" tó wá lò ó? Ṣé àwọn wọ̀nyẹn náà ní orúkọ, àbí orúkọ tiwọn náà ti jẹrà?

Wọ́n sin ín tòun ti òwú lọ́wọ́, nítorí pé kò tíì rí ẹyẹ àkọ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹyẹ náà dé, ó bà lé orí ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ ìmóoru. Mo tú tèmi, mo so ó mọ́ igi ṣẹ́rì iwájú bùlọ́ọ̀kù. Tirẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bá pé ogójì ọjọ́ tó ti kú, a ó se àlìkámà ìrántí òkú, a ò ní gbé e lọ sí itẹ́ òkú nìkan. A ó gbé e wá sẹ́nu géètì Kestenova lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbé agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde síta, sójú oòrùn. Kí Ìyáàfin Rizova ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wa, kí gbogbo ìlú gbóòórùn ohun tí obìnrin yìí kú lé lórí. Kí wọ́n pe kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ìlú. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà náà, kó má yí i sójú ẹnikẹ́ni, kó má yí i sára ère, kó má wá adìẹ kiri. Màmá Donka ti kú, kò sẹ́ni tó máa bá yín gé e mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ la fẹ́ rí.